Owó Wúrà Tí Àwọn Ìyá Wa Kò Ná

Nínú gbogbo owó tí wọ́n ná ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin, láti ayé Ọba Toffa títí di ọdún 1960 tí àsíá Faransé sọ̀kalẹ̀, wúrà ló kéré jù. Wọ́n ná owó ẹyọ. Wọ́n ná ṣílè àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ná fàdákà Faransé, wọ́n ná owó bébà, nígbà tó yá wọ́n tún ná irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kì í wúwo lọ́wọ́ rárá. Síbẹ̀, bí àwọn oníṣòwò òde òní bá fẹ́ ṣe àwòkọ owó ayé amúnisìn fún àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ, wúrà ni wọ́n fẹ́ràn láti fi ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, mo fẹ́ sọ ọ́ délẹ̀ lónìí.

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní ilẹ̀ Faransé ló tún tọ́ ọ sókè. Ó ti kó owó díẹ̀ jọ, kò sì fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wà ní báńkì. Wúrà ló fẹ́ rà. Láti ìgbà náà ló ti ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, owó wúrà lóríṣiríṣi tó ń tàn yanran nínú àpótí kékeré tí wọ́n fi aṣọ àrán tẹ́ inú rẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀kan pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo èyí o. Owó ayé àwọn bàbá ńlá wa ni wọ́n tún ṣe. Ṣé kí n rà á?”

Inú mi dùn pé ó bi mí kó tó tọwọ́ bọ àpò. Ṣùgbọ́n ìdáhùn mi gùn ju ohun tí èèyàn lè fi àtàǹpàkò tẹ̀ tán lórí fóònù lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó dára jù nínú wọn kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ìyẹn owó wúrà 20 fáránkì tó ní àkùkọ. Ojú kan jẹ́ orí obìnrin tí àwọn Faransé ń pè ní Marianne, ewé wé mọ́ fìlà rẹ̀. Ojú kejì jẹ́ àkùkọ tó dúró gangan, tó yọ àyà síta. Jules-Clément Chaplain ló ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì ń lù ú láti 1899 títí di 1914. Ó wọn gíráàmù 6.45. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 1,000, 900 ni wúrà, ìyókù jẹ́ bàbà tí wọ́n fi mú un le. Nítorí náà, ojúlówó wúrà inú rẹ̀ kò ju gíráàmù 5.8 lọ. Kò tóbi. Mìlímítà 21 ni láti etí dé etí.

Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ló mú un kúrò lọ́jà. Ní oṣù kẹjọ 1914, ìjọba Faransé dáwọ́ fífi wúrà pààrọ̀ owó bébà dúró, ẹni tó bá sì ní ọ̀kan lọ́wọ́ kò fẹ́ ná an mọ́, ó rì í mọ́lẹ̀ tàbí kó gbé e fún alágbẹ̀dẹ kó fi ṣe ẹ̀gbà. Owó tó kúrò lọ́jà bẹ́ẹ̀ ni ayé wá sọ di ohun ìkójọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lónìí tó ní 1907 tàbí 1912 lára, kì í ṣe ọdún yẹn ni wọ́n lù ú. Láàárín 1951 sí 1960, wọ́n tún lu owó àkùkọ fún Báńkì ilẹ̀ Faransé, ó lé ní mílíọ̀nù 37, ọdún àtijọ́ láti 1907 sí 1914 ni wọ́n sì fi sára wọn. Àwọn oníṣòwò wúrà ń pè é ní Pinay, nítorí Antoine Pinay tó jẹ́ olórí ìjọba ní 1952. Òun ló yá owó lọ́wọ́ ará ìlú, tó sì so owó tó yá náà mọ́ iye tí wọ́n ń ta wúrà 20 fáránkì yìí. Ojú tó ti mọ̀ ọ́n á rí i pé àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ṣé ayédèrú wá ni? Èmi ò ní pè é bẹ́ẹ̀. Ìjọba tó ni ti àkọ́kọ́ ló ni ti ẹ̀yìn, wúrà kan náà ni, ìwọ̀n kan náà ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe irú rẹ̀: pọ́n-ùn wúrà Ọba George Karùn-ún tó ní 1925 lára, wọ́n tún lù ú ní 1949, 1951 àti 1952, nígbà tí ọba náà ti wàjà tipẹ́. Ilẹ̀ Austria ló ṣe é jù. Ọdún 1780 ni Ọbabìnrin Maria Theresa kú, owó fàdákà olójú rẹ̀ tó ní 1780 lára kò sì tíì yí ọdún padà títí di òní. Owó yẹn dé ilẹ̀ Ethiopia, ó dé ọjà àwọn Haúsá pàápàá. Ojú obìnrin yẹn ni ọlọ́jà mọ̀. Bí wọ́n bá fi ọba mìíràn tàbí ọdún mìíràn sí i, ẹni tó ń ta iyọ̀ tàbí ẹrú kò ní gbà á. Ọjà ló ń pàṣẹ irú àwòkọ bẹ́ẹ̀.

Èyí tí wọ́n ń fi àwòrán rẹ̀ dán ojú àbúrò mi yàtọ̀. Ọjà kankan kò pàṣẹ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń lu owó, tàbí oníṣòwò tó gbé iṣẹ́ fún un, á mú àwòrán owó ayé amúnisìn kan, á fi wúrà tuntun lù ú, á kọ ọdún tuntun sí i. Wọ́n á ní ẹgbẹ̀rún péré ni àwọn máa lù. Wọ́n á fi ìwé ẹ̀rí sí i, wọ́n á gbé e sínú àpótí. Iye tí wọ́n ń tà á lè fi ìdajì tàbí ìlọ́po kan ju iye wúrà inú rẹ̀ lọ. Kì í ṣe jìbìtì, nítorí wúrà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àbúrò mi bá nílò owó ní kíákíá, tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ra wúrà, ìwọ̀n nìkan lẹni yẹn máa sanwó fún. Kò sẹ́ni tó máa sanwó aṣọ àrán. Wúrà fúnra rẹ̀ ti gbówó lórí tó: ní oṣù kẹwàá 2025, áúnsì kan, ìyẹn gíráàmù 31.1, kọjá 4,000 dọ́là. Kí ló dé tí èèyàn á tún fi owó ìtàn kún un, tí ìtàn náà kò bá sì péye?

Lẹ́yìn èyí ni àwọn tí kì í ṣe wúrà rárá wà, idẹ tí wọ́n fi wúrà fẹ́ẹ́rẹ́ bò lójú. Wọ́n pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan kọ ọ́ sí i pé àwòkọ ni, àwọn kan kò kọ nǹkan kan.

Àgbà alágbẹ̀dẹ wúrà kan ládùúgbò wa ló là mí lọ́yẹ lórí èyí. Àlàájì ni gbogbo wa ń pè é. Ọ̀rẹ́ mi kan jogún owó àkùkọ lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, a sì jọ gbé e lọ bá a. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Àlàájì. Ẹ bá wa wo èyí, 1910 ló wà lára ẹ̀.”

Kò tiẹ̀ wo ọdún náà. Ó ní, “Ìyáa Ràímì, ẹ jẹ́ ká gbé e sórí ìwọ̀n ná.”

Ìwọ̀n náà kéré, ó ń fi nọ́ńbà hàn, awò sì yí i ká kí atẹ́gùn má baà ṣì í. Nọ́ńbà náà dúró sí 6.43. Àlàájì mi orí, ó ní wọ́n ti wọ̀ ọ́ sọ́rùn pẹ́, etí rẹ̀ ti jẹ díẹ̀. Ó wá mú òkúta dúdú kan, ó fi etí owó náà ra á lẹ́ẹ̀kan, ìlà wúrà tín-ín-rín kan hàn lórí òkúta. Ó mú abẹ́rẹ́ kan tó ti mọ iye wúrà tó wà lórí rẹ̀, ó fi fa ìlà kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Ó wá kán ásíìdì sórí méjèèjì. A dúró. Ìlà méjèèjì kò yí padà. Ó fa idẹ kan láti inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, òun náà ní àkùkọ lára, ó tàn ju tiwa lọ fíìfíì. Ó fi ra òkúta, ó kán ásíìdì, ìlà náà hó, ó sì pòórá. Nígbà tó gbé idẹ náà sórí ìwọ̀n, ó wọn gíráàmù mẹ́ta àti díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí, nítorí wúrà wúwo ní ìlọ́po méjì idẹ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àwòkọ bá fẹ́ wọn ìwọ̀n kan náà, àfi kó nípọn jù; bó bá nípọn bíi ti gidi, àfi kó fúyẹ́.

Ó wá fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo etí owó ọ̀rẹ́ mi yíká. Láti 1907 ni wọ́n ti ń kọ LIBERTÉ ÉGALITÉ FRATERNITÉ sí etí owó àkùkọ, lẹ́tà tó yọ sókè. Ṣáájú ìgbà yẹn, àdúrà ni wọ́n kọ síbẹ̀, pé kí Ọlọ́run dáàbò bo ilẹ̀ Faransé. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú sábà máa ń gbàgbé etí, ojú tí wọ́n máa yà sínú fọ́tò nìkan ni wọ́n ń tọ́jú. Àlàájì tún kìlọ̀ fún wa nípa irin kan tí wọ́n ń pè ní tungsten, tí ìwọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti wúrà dọ́gba. Ẹni tó bá fi wúrà bo ìyẹn lè tan ìwọ̀n jẹ. Ìdí nìyẹn tí kò fi fi ọ̀nà kan ṣoṣo yẹ wúrà wò, kódà kó jẹ́ ẹni tó mọ̀ ló gbé e wá.

Ẹ̀kọ́ tí mo bá kúrò nílé Àlàájì ni mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wúrà gidi tàbí idẹ kọ́ ló ń dùn mí jù. Ohun tó ń dùn mí ni pé ó pè é ní owó ayé àwọn bàbá ńlá wa.

Owó wúrà ayé amúnisìn kan wà ní Áfíríkà tí n kò lè fojú kéré ìtàn rẹ̀. Ní 1916, ogun ti dí ọ̀nà òkun mọ́ àwọn Jámánì ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, owó kò lè ti ilé wá mọ́. Wọ́n mú wúrà tí wọ́n ń wà lórí ilẹ̀ náà, wọ́n sì lu owó rupee 15 ní ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe ní Tabora, ní ilẹ̀ Tanzania òde òní. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 16,198. Erin ló wà lára rẹ̀, ó na ọwọ́ ìjà sókè, òkè sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ní oṣù kẹsàn-án, àwọn ọmọ ogun Belgium ti gba Tabora. Owó erin yìí ni wọ́n ṣe àwòkọ rẹ̀ káàkiri ayé, ẹwà erin náà ni wọ́n sì máa ń ròyìn. Mo gbà, ó rẹwà. Ṣùgbọ́n nínú ogun tó bí owó yẹn, àìmọye alárùú, ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀, ló ru ẹrù àwọn ọmọ ogun gba inú igbó títí wọ́n fi kú. Wọn kò sí lára owó, wọn kò sì í sí nínú ìwé ẹ̀rí tó wà nínú àpótí.

Erin náà ti wà lára owó gínì àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti 1663, lábẹ́ ọrùn ọba wọn. Etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni wúrà yẹn ti wá, ilé iṣẹ́ tó kó o lọ sí London ni wọ́n tún fi ń kó ẹrú.

Ní Àjàṣẹ́ tiwa, owó ẹyọ ni owó. Láti erékùṣù Maldives ló ti ń bọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Hamburg àti Marseille wá rí i pé irú rẹ̀ pọ̀ lọ jàra ní Zanzibar, wọ́n fi ọkọ̀ kó o dé etíkun wa títí ó fi pọ̀ jù, tí agbára rẹ̀ sì wálẹ̀. Ogójì ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn di ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá kún ọ̀kẹ́ kan, ẹrù tí alágbára ń rù ni. Àwọn ìyá tó mọ owó kà ní ìgbà náà, wọn kì í kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á fi ọwọ́ fa márùn-ún márùn-ún kúrò nínú òkìtì, ẹnu wọn kò sì ní dákẹ́ ìtàkùrọ̀sọ. 

Lẹ́yìn náà ni ṣílè. Ẹni tó bá wo máàpù lónìí, tó rí ààlà láàárín wa àti Nàìjíríà, lè rò pé owó Faransé nìkan ni wọ́n ná ní ìhà tiwa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sà ló so Àjàṣẹ́ pọ̀ mọ́ Àgbádárìgì àti Èkó. Epo àti èkùrọ́ ń gba orí omi lọ, aṣọ àti ọtí ń gba orí omi bọ̀, owó fàdákà àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ń tẹ̀ lé wọn wọlé. Ó pẹ́ kí àwọn Faransé tó lè fi owó tiwọn rọ́pò rẹ̀ nínú ìlú tí wọ́n pè ní tiwọn. Ṣílè, sísì, tọ́rọ́, kọ́bọ̀: àwọn àgbà ilé wa ń pe orúkọ wọn títí di ìgbà tí mo gbọ́njú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sẹ́fà (fáránkì CFA tí a ń ná títí di òní) ló wà lọ́wọ́ wọn.

Ohun tó wá fi owó Faransé sí ọwọ́ gbogbo ènìyàn dandan ni owó orí. Ní 1899 ni wọ́n gbé e kalẹ̀ ní Dàhòmì, orúkọ àtijọ́ ilẹ̀ Benin. Ẹni tí kò bá ní fáránkì gbọ́dọ̀ wá a: á ta epo, á ta àgbàdo, á lọ ṣe iṣẹ́ ọ̀nà. Ní ìhà Kétu àti Pọ́bẹ̀, owó orí àti mímú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sógun wà lára ohun tó mú kí àwọn Ọ̀họ̀rí dìde ogun sí ìjọba láàárín 1914 sí 1916. Ní Àjàṣẹ́, nígbà tí wọ́n fi kún owó orí ní 1923, ará ìlú kọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba sì kó sójà wọlé. Louis Hunkanrin, ọmọ Àjàṣẹ́, tó ti ṣe tíṣà tó sì ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, wà lára àwọn tí wọ́n di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Wọ́n lé e lọ sí aṣálẹ̀ Mauritania, ọdún mẹ́wàá.

Èyí ni mo fi ń sọ pé kì í ṣe wúrà. Owó tí wọ́n fi san owó orí yẹn, owó tí wọ́n fi lé Hunkanrin lọ nítorí rẹ̀, fàdákà tó ti di dúdú àti bébà tó ti ya ni. Bí a bá fi wúrà ṣe ìrántí rẹ̀, a ti fọ gbogbo làálàá náà kúrò lára rẹ̀.

Ìyá bàbá mi ta epo ní ọjà Àjàrá, ọjà ọrọọrún. Nígbà tó kú, agolo bisikíìtì kan wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, ọwọ́ mi ni agolo náà wà báyìí. Ṣílè kan wà nínú rẹ̀ tó ní igi ọ̀pẹ lára, irú èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù fún Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 1913. Ọ̀pẹ náà dúró ṣánṣán, imọ̀ rẹ̀ ṣì ṣeé kà. Mo máa ń rò ó pé obìnrin tó ń ta epo pupa gba àwòrán igi tó mú epo náà jáde gẹ́gẹ́ bí owó epo. Kọ́bọ̀ oníhò wà níbẹ̀. Owó 25 fáránkì ti 1956 wà níbẹ̀, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Èyí tó pọ̀ jù ni fáránkì kan ti 1948, alumíníọ̀mù, tí kò tó gíráàmù méjì. Ojú kan ní Marianne tó dé fìlà oníyẹ̀ẹ́, ojú kejì ní orí ẹranko oníwo kan tó jọ àgbọ̀nrín, wọ́n sì kọ Afrique Occidentale Française yí i ká. Ọ̀kan nínú wọn ní ihò lókè orí ẹranko náà. Kì í ṣe ihò ilé iṣẹ́. Ìṣó ni wọ́n fi lu, etí ihò náà ṣì ṣe gánnagànna lẹ́yìn. Ọrùn ọmọ kan ni wọ́n so ó mọ́, bóyá bàbá mi ni, bóyá ọ̀kan nínú àwọn tí kò dúró.

Mo gbé fáránkì oníhò yẹn dé ọ̀dọ̀ Àlàájì rí. Kò níye lórí kankan lọ́jà rẹ̀, ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó di í mú pẹ́, ó ń fi àtàǹpàkò pa ihò náà.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ pé àwọn ìyá wa kò mọ wúrà. Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọn kò fi ná ọjà ni. Yẹtí, ẹ̀gbà ọrùn, òrùka: obìnrin Àjàṣẹ́ tó bá jèrè á rà á díẹ̀díẹ̀, nípa gíráàmù, á sì wọ̀ ọ́ lọ sí ìsọmọlórúkọ. Lọ́jọ́ tí ilé bá gbóná, á bọ́ ọ létí, á tà á, ọmọ á lọ síléèwé. Ní oṣù kìíní 1994, wọ́n sọ sẹ́fà di ìdajì lójú owó Faransé ní alẹ́ ọjọ́ kan. 50 ló ti jẹ́ fáránkì Faransé kan tẹ́lẹ̀, ó di 100. Owó tí ìyá mi fi sí báńkì kò dín ní iye, ṣùgbọ́n ohun tó lè rà dín. Yẹtí rẹ̀ kò dín ní nǹkan kan. Nítorí náà n kò bá àbúrò mi jà pé ó fẹ́ ra wúrà. Ó jọ àwọn ìyá rẹ̀ níbẹ̀.

Àwa náà ti lu wúrà fún àwọn ará òkèèrè. Ní 1971, láti ṣàjọ̀dún ọdún kẹwàá òmìnira, lásìkò tí Maga, Ahomadégbé àti Apithy jọ wà nínú ìgbìmọ̀ ààrẹ, wọ́n gbé owó wúrà jáde lórúkọ Dàhòmì, tó fi dórí 25,000 fáránkì. Kò sẹ́ni tó gbé e lọ sọ́jà Wàndó rí. Lẹ́yìn tí orílẹ̀-èdè ti di Benin, ọ̀pọ̀ owó ìkójọ mìíràn tún ti jáde lórúkọ wa. Ti 2010 kan ní ewé igbó tí wọ́n ń mu lára, wọ́n tún fi òórùn rẹ̀ sí i. Orúkọ ìlú wa ló wà lára rẹ̀, a kò sì ní rí i láé. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Orúkọ orílẹ̀-èdè kì í ṣe ohun tí èèyàn ń yá oníṣòwò lò.

Ẹ wo owó irin tó wà nínú àpò yín báyìí. Ẹja kan wà lára rẹ̀, ẹja tí imú rẹ̀ gùn tó sì ní eyín lọ́tùn-ún lósì. Ó ti wà lára sẹ́fà tipẹ́tipẹ́. Òṣùwọ̀n idẹ kékeré ni ẹja yẹn jẹ́ tẹ́lẹ̀, lára àwọn tí àwọn Akan fi ń wọn ìyẹ̀fun wúrà kó tó di pé òyìnbó gba ilẹ̀ wọn. Oníṣòwò Akan á gbé òṣùwọ̀n sí ọwọ́ kan, á da wúrà sí ọwọ́ kejì, wọ́n á máa wò ó títí méjèèjì á fi bára dọ́gba. Idẹ lásán ni òṣùwọ̀n náà, síbẹ̀ òun ló ń sọ iye tí wúrà jẹ́. Bí wọ́n bá ní kí n yan àwòrán kan tí wọ́n máa tún ṣe, tí wọ́n á fi sí inú àpótí, èyí ni mo máa yàn, n kò sì ní jẹ́ kí wọ́n fi wúrà ṣe é.

Ohun tí mo sọ fún àbúrò mi nìyí. Bó bá máa ra wúrà, kó ra owó àkùkọ lásán, ti 1910 tàbí àtúnlù Pinay, èyí tí iye rẹ̀ súnmọ́ iye wúrà inú rẹ̀ jù lọ. Kó wọ̀n ọ́n, kó wo etí rẹ̀, kó gba rìsíìtì. Kó má sanwó ìtàn fún ẹnikẹ́ni. Ìtàn wà nínú agolo ìyá àgbà wa, òun náà sì nípìn-ín níbẹ̀. Ó ti sọ pé òun máa wá wò ó nígbà Iléyá.

Ohun tí mo tún ń fẹ́ ni kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní ìlú wa tẹ́ tábìlì kan fún àwọn owó yìí: ọ̀kẹ́ owó ẹyọ kan tí wọ́n kà tán, ṣílè ọ̀pẹ, fáránkì alumíníọ̀mù, ìwé owó orí tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù. Kí àwọn ọmọ iléèwé lè gbé ọ̀kẹ́ náà wò, kí wọ́n mọ bó ṣe wúwo tó. Mo ti ń kó tèmi jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí ẹ̀.

Ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ̀ tó ń ka èyí, ẹ bá mi bi àwọn àgbà yín. Àjàṣẹ́ wà létí ọ̀sà, ìyẹn ni ṣílè ṣe rọrùn fún wa. Ní ìlú yín tó jìnnà sómi, ṣé ṣílè tí àwọn oníṣòwò gbé kọjá láti Mẹ̀kọ́ àti Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ná, àbí láti orí owó ẹyọ ni ẹ ti bọ́ sórí fáránkì tààrà? Bí agolo kan bá wà nílé yín, ẹ ya fọ́tò ohun tó wà nínú rẹ̀ ní ojú méjèèjì, kí ẹ sì kọ orúkọ ọjà tí ẹni tó ni ín ń ná sí i.